Fíìmù Tí Mo Ti Ya Wèrè Láàárín Wákàtí Kan

Òórùn tàdáwà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní òpópónà tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú. Kí o tó rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan, imú rẹ á ti sọ fún ọ pé o ti dé: tàdáwà, epo tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ, àti bébà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló sì kọ́ láti kékeré. Bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ wa ní Bàrígà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ. N ó jókòó sórí ìdì bébà, n ó máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi, ẹ̀rọ á sì máa ké gbàràgbàdà létí mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sókè, nítorí pé ẹni tí kò bá pariwo níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tó sọ. Ohùn yìí náà ló kó mi sínú fíìmù.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ọkùnrin ayàwòrán kan wà ní Fola Agoro tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà nìkan ni kámẹ́rà rẹ̀ ti rí rí. Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń mu igbó ní ìparí àdúgbò wa ti sú àwọn lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n ṣèpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé fíìmù làwọn máa ṣe, fíìmù tó máa dẹ́rù ba gbogbo ọ̀dọ́langba tó wà ní Bàrígà débi pé bí wọ́n bá rí ewé gbígbẹ lásán nílẹ̀, wọ́n á sá. Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ tó fi wá bá bàbá mi pé kó bá òun tẹ pósítà. Lọ́jọ́ tó wá, èmi àti ẹnì kan lára àwọn òṣìṣẹ́ bàbá mi ń jiyàn nítorí pé ó jókòó lé ìwé mi, ohùn mi sì ti bo ti ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ yíjú padà, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó sọ fún bàbá mi, “ọmọ yín yìí ní ohùn wèrè.”

Bàbá mi ò mọ̀ bóyá kí òun bínú ni tàbí kí òun dúpẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ojú mi ti wà lórí pósítà. Mo yọ ahọ́n síta, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi tàdáwà pupa kùn sì ń ṣàn létí ẹnu mi.

N ò fẹ́ dá nìkan lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà, torí náà mo mú ọ̀rẹ́ mi dání. Àtìgbà tá a ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama la ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí ọ̀sà ni wọ́n ń gbé, ìyá rẹ̀ sì ń yan ẹja tà. Bí o bá wọ ilé wọn, èéfín á kọ́kọ́ kí ọ, ìyá rẹ̀ á tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹja gbígbóná kan lọ́wọ́, kò sì ní jẹ́ kí o lọ láìjẹ ẹ́. Èéfín yẹn ti fa ikọ́ sí ọ̀rẹ́ mi lọ́rùn lọ́dún tó ṣáájú, ikọ́ tí kì í jẹ́ kó sùn, títí wọ́n fi ra oògùn ikọ́ fún un ní kẹ́míìsì. Ikọ́ náà lọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, kì í jà, òun ló sì máa ń ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ rí i, ó fún un ní ipa “ọ̀rẹ́ rere”, ìyẹn ọmọbìnrin tó máa ń gbàdúrà fún mi nínú eré, ó sì tún ní kó máa tọ́jú àwọn aṣọ tí mo fẹ́ fi ṣeré.

Ìtàn fíìmù náà kò gùn. Èmi ni ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì. Wọ́n fún mi ní igbó mu lákòókò ìsinmi, mo sì ya wèrè kí agogo tó lù. Ewé ewúro tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n fi bébà ìwé ẹ̀kọ́ wé, ni igbó tiwa. Bí mo ṣe fà á lẹ́ẹ̀kan, ó korò dé ọ̀nà ọ̀fun mi, omijé bọ́ lójú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí àgbò, Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ sì ń fò sókè lẹ́yìn kámẹ́rà pé, “Ojúlówó nìyẹn! Ojúlówó!” Akọ̀wé àwọn lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n ní kó ṣe ẹni tó ń ta igbó fún mi. Àmọ́ alàgbà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì ti búra pé òun ò ní torí fíìmù ba orúkọ òun jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó fẹ́ ta á fún mi, ó wo ojú mi tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, ewé burúkú nìyí o. Ó lè ba ayé rẹ jẹ́ pátápátá. Mélòó ni kí n fún ọ?”

Lẹ́yìn igbó, wọ́n gbé páúdà ọmọ ọwọ́ wá síwájú mi lórí àwo. Mo sín, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ sí ojú alàgbà náà, ó funfun bí òkú, àmọ́ kò yé sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọn ò yọ ìyẹn náà kúrò. Ọ̀rọ̀ ńlá kan wá hàn lójú fíìmù pé LẸ́YÌN WÁKÀTÍ KAN, ni mo bá yọ nínú àkísà. Wọ́n ti fi òwú dúdú àti fóòmù so irun mi pọ̀ títí ó fi rí bí irun ẹni tó ti sùn sábẹ́ afárá fún ọdún mẹ́wàá.

Ibi tí mo ti ń lu ìyá mi inú eré la wà lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Mo ti pariwo títí ohùn mi ti fẹ́ há, Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ sì ní kí n tún fi kún un. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù mi lórí itan rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, kì í rí bẹ́ẹ̀,” ó wí.

Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ yíjú sí i. “Báwo ló ṣe máa ń rí?”

“Wọn kì í pariwo, sà. Ara á kàn máa yún wọn. Wọ́n á máa họ imú, wọ́n á máa họ apá. Ojú wọn á rọ̀. Á dà bíi pé oorun ń kùn wọ́n, gbogbo nǹkan á wá dákẹ́.”

Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín. “Ta ni oorun máa dẹ́rù bà? Ṣé kí àwọn èèyàn wá wo ẹni tó ń sùn ni? Wèrè làwọn lánlọ́ọ̀dù ní kí n ṣe fún àwọn.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an sì ni ẹ̀rín mi pọ̀ jù. Àwa bí mẹ́jọ la wà níbẹ̀, àgbàlagbà márùn-ún àti ọmọdé mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ti mọ̀.

Ìgboro la ti ya ìparí rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Bàrígà, ní ọ̀sán gangan. Wọ́n fi tàdáwà àti iyẹ̀pẹ̀ kùn mí lójú, wọ́n ní kí n máa sáré kiri, kí n máa bú àwọn tó ń kọjá. Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ fi kámẹ́rà pamọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kan kí ó lè dà bí òtítọ́. Obìnrin kan ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, igi méjì ló sì fi ń rìn. Bó ṣe rí mi, ó ju igi méjèèjì nù, ó dì mọ́ mi, àwa méjèèjì sì jọ ṣubú.

“Ọmọ ta ni yìí o?” ó ń ké. “Ẹ bá mi wá omi! Ọmọ yìí kéré sí èyí!”

“Mà, fíìmù là ń ṣe,” mo sọ sí i létí.

“Irọ́ ni, ẹ̀mí yìí ń parọ́!” ó tún ké, ó sì dì mí mú gírígírí.

Kíá làwọn èèyàn pé lé wa lórí. Ẹnì kan da omi sí mi lórí. Ìyá kan tú ìró òkè rẹ̀, ó fi bo àyà mi. Ọlọ́kọ̀ kan páàkì ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun á gbé mi lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni ṣáà sọ ibi tí ilé mi wà. Ó pẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ tó jáde láti ṣàlàyé, torí pé ó ń ya gbogbo rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí mo wá ráyè dìde, mo wá ọ̀rẹ́ mi kí n lè gba aṣọ mi. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan ní nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí ariwo ti sọ, orí rẹ̀ tẹ̀ sí àyà, ó ń sùn. Mo rò pé oòrùn ló mú un. Mo ta á jí, mo gba aṣọ mi, a sì lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni wọ́n fi fíìmù náà han gbogbo àdúgbò nínú ọgbà alága àwọn lánlọ́ọ̀dù. Aṣọ funfun ni wọ́n ta mọ́ ògiri. Ààfáà wà níbẹ̀, pásítọ̀ wà níbẹ̀, bàbá mi wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ìgbéyàwó, ìyá ọ̀rẹ́ mi sì gbé ẹja yíyan wá fún ẹbí mi. Àwọn ọmọ tó ń mu igbó, tó jẹ́ pé torí wọn la ṣe fíìmù náà, wọ́n tò sórí fẹ́ǹsì. Nǹkan lọ déédéé títí alàgbà fi bi mí pé mélòó ni kí òun fún mi. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí páúdà bò ó lójú, ọgbà náà mì. Nígbà tí LẸ́YÌN WÁKÀTÍ KAN hàn, tí mo sì jáde pẹ̀lú irun yẹn, bàbá kan dìde lórí àga rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ògiri, ó ní, “Wákàtí kan! Irun ta kókó ní wákàtí kan!” Ló bá di pé àwọn ènìyàn ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Alága fúnra rẹ̀ fi fìlà bojú. Ọ̀kan lára àwọn tó wà lórí fẹ́ǹsì wá ké sí mi, ó ní, “Sìsí, jọ̀ọ́, níbo lo ti rí irú èyí rà? Àwa ò tíì rí èyí tó le tó báyìí o!”

Ojú tì mí débi pé mo sá lọ sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi, mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún. Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi níbẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó fi orí lé mi léjìká.

“Ó dáa jù,” ó wí. Ọ̀rọ̀ náà ń fà bí oyin. “Mo gbádùn rẹ̀ gan-an ni.”

Ike ohun mímu olọ́sàn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fun mi ti gbẹ nítorí ẹkún, mo gbà á, mo gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn jù, ó ki, ó sì ní adùn kan tí mo mọ̀ láti kékeré, nígbà tí màmá mi bá fún mi ní ṣíbí kan tí àyà bá ń dùn mí.

“Kí ló wà nínú èyí?”

“Oògùn ikọ́ mi ni.” Ó na ọwọ́ láti gbà á.

“Ikọ́ wo? O ò wúkọ́ mọ́ láti ọdún tó kọjá.”

Ó ń họ apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń họ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tó wà lẹ́yìn ilé mọ́ ọn lójú, mo sì rí i pé dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́.

“O ń mu ún,” mo wí. “Bí àwọn ọmọ orí fẹ́ǹsì yẹn.”

Ìgbà yẹn ló wò mí dáadáa. Kò bínú. “Wò mí,” ó ní. “Ṣé mo fa aṣọ mi ya? Ṣé mo lu ìyá mi? Ṣé mo jọ ìwọ nínú fíìmù yẹn ni? Èmi kàn ń fi sùn ni.”

Níwájú ilé, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín mi. Ó ní kí n búra pé n ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì búra.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pa á mọ́, n ò sì gbádùn oúnjẹ. Nígbà tó yá, mo lọ bá ìyá rẹ̀ létí ọ̀sà nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kò sí nílé. Ó ń yí ẹja lórí iná. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un: oògùn ikọ́, ohun mímu, ara yíyún, oorun. Ó gbọ́ mi títí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọmọdé fún.

“Ọmọ tèmi?” ó ní. “Mo rí bó ṣe máa ń ṣe wọ́n, ṣèbí ìwọ lo ṣe é hàn wá. Ọmọ mi kì í pariwo. Tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á sùn. Àbí oorun ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“Mà, fíìmù yẹn—”

“Dìde, máa lọ sílé. Bí ẹ bá ti jà, ẹ parí ẹ̀ láàárín ara yín. Má ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́.” Bí inú rẹ̀ ṣe ń ru, ó bọ́ sí èdè Ìlàjẹ, ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì yé mi, ṣùgbọ́n mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo kúrò nílé rẹ̀ láìjẹ ẹja. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kó ìwé rẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì míì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Oṣù kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìmọ̀ àyíká ń ya àwòrán odò sójú pátákó. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé orí lé tábìlì. Ẹnì kan fẹ́ ta á jí, olùkọ́ ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti bá ìyá rẹ̀ dáná ẹja láti ìdájí.” Aláàánú ènìyàn ni olùkọ́ yẹn, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Àmọ́ láti ibi tí mo jókòó sí, mò ń wo ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá ń sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gòkè, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró kí ti ọ̀rẹ́ mi gòkè. Mo dúró títí. Ó gòkè díẹ̀, ó sọ̀, mo sì tún dúró pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo dìde, mo lọ bá a, mo gbé apá rẹ̀. Apá náà bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ tútù. Báàgì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìgò oògùn ikọ́ méjì tó ti ṣófo wà nínú rẹ̀. Ètè rẹ̀ dà bí ti ẹni tó fi aró kan ẹnu. Mo figbe ta. Mo fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi ké orúkọ rẹ̀, mo ń mì í, mo ń fẹsẹ̀ janlẹ̀.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

“Ó ti bẹ̀rẹ̀ o!” ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. “Wèrè oníwákàtí kan ti dé!” Wọ́n ń gbá tábìlì. Olùkọ́ ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ti ń bínú. “Jókòó! Ibí kì í ṣe inú fíìmù.”

Mo wo gbogbo ojú wọn, ó sì yé mi pé bí mo bá ṣe ń pariwo sí i ni wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí i. Mo pa ẹnu mọ́. Mo rìn lọ bá olùkọ́ níwájú. Jẹ́jẹ́, bí ọ̀rẹ́ mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ wá fọwọ́ kan ètè rẹ̀.”

Bóyá jẹ́jẹ́ tí mo sọ ọ́ ló yà á lẹ́nu. Ó wá. Ó fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé e sí èjìká, ó sáré jáde, mo sáré tẹ̀ lé e. Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí, mo sì ń fọwọ́ gbá a lójú kó má baà gbàgbé láti mí.

“Kí ló jẹ? Kí ló mu?” nọ́ọ̀sì kan bi wá.

“Kò mu nǹkan kan,” olùkọ́ wí. “Ọmọ dáadáa ni.”

“Oògùn ikọ́ ni, mà,” mo wí. “Ó ń pò ó mọ́ ohun mímu. Mo rí ìgò méjì nínú báàgì rẹ̀, ó ti tán.”

Nọ́ọ̀sì náà kò bi mí ní ìbéèrè kejì. Ó yíjú, ó pe dókítà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ó di ọ̀sán kí ó tó jáde sí wa, ó ní ọ̀rẹ́ mi ti ń mí dáadáa, ó sì fọwọ́ lé mi lórí. “Ohun tí o sọ yẹn ló ràn wá lọ́wọ́,” ó wí, ó tún padà wọlé.

Ìyá rẹ̀ ti dé nígbà náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aṣọ tó fi ń yan ẹja, eérú wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mò ń retí pé kó sunkún tàbí kó bú mi. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó sún, ó fún mi láyè, mo sì jókòó. Ó bi mí láìwò mí, “Kí ló yẹ kí n máa wò?”

Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń tún gbogbo rẹ̀ sọ tẹ̀ lé mi, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ó pẹ́ kí ara ọ̀rẹ́ mi tó yá, n ò ní parọ́ fún ọ. Wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Ó padà wá, ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó tún dìde. Ọdún kan ló fi pẹ́ ju wa lọ nílé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan tá a jókòó sétí ọ̀sà, tá a ti ń bára wa sọ̀rọ̀ padà, mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ òtítọ́ yẹn fún Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ níwájú gbogbo wa. Ó ju òkúta sómi. “Mo ń retí pé kí ẹnì kan bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀,” ó ní. “Ǹ bá ti sọ. Gbogbo ẹ̀ ni ǹ bá sọ lọ́jọ́ yẹn.” N ò lè wò ó lójú, àmọ́ kò sọ ọ́ láti fi bá mi wí. Ó kàn ń dáhùn ìbéèrè mi ni.

Àwọn lánlọ́ọ̀dù, ní tiwọn, ti ń múra láti ṣe apá kejì fíìmù náà. Wọ́n ní ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn rín fi hàn pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní kí àwọn ìyá náà wá. Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó ń ṣàlàyé bí wèrè ti apá kejì ṣe máa pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi dìde. Obìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó máa ń tijú èdè rẹ̀ láàárín àwọn ará Èkó.

“Mo wo fíìmù yẹn,” ó wí. “Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá délé, mo wo ọmọ mi, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí tèmi ò ya wèrè. Oorun ló ń sùn. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo mú aṣọ, mo fi bò ó.”

Ó ń bá a lọ, kò gbé ohùn sókè. Ó ní bí oorun ọmọ bá pọ̀ jù, kí wọ́n jí i. Bí ara bá ń yún un láìsí ẹ̀fọn, kí wọ́n bi í. Kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ike tó ń gbé kiri. “Ẹ má nà án o,” ó ní. “Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún bi í lọ́la.”

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìyá kan tó jókòó níwájú mi fi dìde. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó mú báàgì rẹ̀, ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó sì kọrí sílé. Kò sáré, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó sáré. Mi ò mọ ohun tó bá nílé, mi ò sì bi í rí. Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ bọ́ kámẹ́rà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sórí àga. Apá kejì yẹn kò wáyé.

Ó ti pẹ́ báyìí. Àwọn kan ti gé fíìmù náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí fóònù, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé èmi ni. Mo wò ó, mo sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí, torí pé ó pani lẹ́rìn-ín ní tòótọ́. Ọ̀rẹ́ mi náà ti wò ó. Ó ti bímọ méjì, ó ń ránṣọ ní Bàrígà, òun ló sì ní kí n sọ ìtàn yìí bí mo bá fẹ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun. N kì í bínú sí Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́kítọ̀ mọ́, mi ò sì bínú sí ara mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa ló fẹ́ dáàbò bo àwọn ọmọ. Ohun tá a ṣe ni pé a ya àwòrán ewu kan tó tóbi, tó ń pariwo, a sì ní kí gbogbo ìyá máa ṣọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ewu gan-an ti wà nínú yàrá, tó ti sùn.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe báyìí. Ogójì ọmọ ló wà ní kíláàsì mi, ariwo wọn sì tó ti ẹ̀rọ mẹ́ta. Ọmọ tó bá ń pariwo, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á gbọ́ ọ. Èyí tó bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ni mo máa ń gbé àga lọ bá, n ó jókòó tì í, n ó sì bi í pé báwo ni oorun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan. Ọmọ á wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Mo máa ń tún bi í lọ́jọ́ kejì.